Ẹni Tí A Fi Sílẹ̀ ní Ilé Páànù

Alága ẹgbẹ́ wa, àbúrò mi lọ́jọ́ orí, ọ̀gá mi lórí àga. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ bí kò ṣe nítorí pé iwájú ni fáànù wà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ń to gbọ̀ngàn yìí láti àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ní kí ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ̀yin àlejò tí ẹ wá kí mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ tí ẹ yà wọlé: mo kí yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí yín lápapọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó.

Wọ́n ní kí n má pẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi wa bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù yìí, kò sì sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ jáde ní pápá lásìkò tí ẹ dá fún mi. Lónìí, ẹ̀yin náà, ẹ dúró dè mí díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ẹ̀bùn tí Alága gbé lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àga ni. Àga oníke, aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n tú kúrò ní pápá àwọn ará òdìkejì odò kí katapílà tó wó o. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀. Ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tó ti ń jókòó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí dókítà sọ fún pé ojú ẹ̀ ò dáa mọ́ fún ọkọ̀ wíwà, pé kó máa fi ẹsẹ̀ rìn kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà le pa, òun lẹ wá fún ní ìjókòó! Ọlọ́run á bá mi san án fún yín, ìyẹn tí ó bá ráyè.

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, mo sì gbọ́ gbogbo ẹ̀. Akọ̀wé ní òórùn koríko Ilé Páànù ò ní kúrò nímú òun láéláé. Fún ẹ̀yin àlejò tí ẹ ò mọ̀, Ilé Páànù ni orúkọ tí a sọ pápá àwọn ará òdìkejì odò, nítorí páànù tó ti dógùn-ún tí wọ́n fi bo ibi tí wọ́n ń kó àwọn àlejò sí. Akọrin, ẹni tó ń dá orin fún wa, fi aṣọ nu ojú. Alága ní ilé kejì wa ni, pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń gbà wá níbẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn ni bọ́ọ̀lù. Mo wo ojú yín, gbogbo yín ń mi orí. Mo bi ara mi pé, ṣé èmi ni mo darúgbó ni, àbí àwọn wọ̀nyí ni orí ń yí?

Òórùn koríko wo, Akọ̀wé? Ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo ló wà fún ẹgbẹ̀ta èèyàn, ilẹ̀kùn ẹ̀ sì ti ṣí lọ kí n tó gba ìwé ìwakọ̀. Ohun tó wà nímú rẹ yẹn, koríko kọ́.

Ìfẹ́ wo, Alága? Ṣé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń da omi ìdọ̀tí lé yín lórí láti òkè? Ṣé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń tì yín mọ́ ẹ̀yìn wáyà fún odidi wákàtí kan lẹ́yìn eré, tí òjò á máa gba ojú páànù jò sí yín lọ́rùn? Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún ni mo gbé yín lọ síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré lẹ borí. Ẹ wá ń sunkún nítorí àga. Àga wo? Ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó wó ibẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ to àga sí i. Gbogbo ìrántí tí ẹ ń fi ẹnu pọ́n yẹn, ìdúró lẹ fi ṣe é.

Ta ló kọ́kọ́ pe ibẹ̀ ní túbú? Ṣé èmi ni? Èmi ò wọ inú pápá yẹn rí láti wo bọ́ọ̀lù. Ìdí sítíárì ni mo máa ń wà, tí n ó máa ṣọ́ táyà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ń sọ bọ̀ lọ́nà, etí mi ló ń gbà á. Èpè ni! Èpè láti ẹnu géètì títí dé orí afárá, èpè láti orí afárá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé kálukú. Ẹ ní kí iná jó o. Ẹ ní kí odò kún kó gbé e lọ. Katapílà wá bá yín ṣe é tán, wọ́n kọ́ ilé ìtajà ńlá sí i, ni ibẹ̀ bá di ọ̀run lẹ́nu yín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀.

Pákó ni mo ń fi ọkọ̀ kó kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la gẹdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, mo jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ, mo ń ka igi àjà. Alága àná, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé o fẹ́ràn bọ́ọ̀lù?" Mo ní rárá. Ó ní, "Irú ẹ gan-an ni mo ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀ á gbàgbé ọ̀nà." Bí mo ṣe di tiyín nìyẹn. Pákó kì í kọrin o. Pákó kì í bì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Pákó kì í sọ fún èèyàn pé kó sáré kó má sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ foríjì mí, àárò pákó máa ń sọ mí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì wa, tó ń fi wáyà àti àdúrà so ẹ́ńjìnnì pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń fọ bọ́ọ̀sì ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ìyá yẹn mọ̀ yín ju bí ìyàwó yín ṣe mọ̀ yín lọ, ẹnu ẹ̀ ló kàn dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, tó fi gbogbo Sátidé ayé ẹ̀ ta yín lọ́rẹ, tí ẹnì kan nínú yín ò sì bi í rí bóyá ó wù ú.

Èmi náà ní àṣìṣe. Bí ẹ bá ti ń pa ariwo jù, èmi ni mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gba inú kòtò. Ọjọ́ tí mo ní ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ tí a ò fi lè lọ wo àṣekágbá, ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ bàjẹ́; ẹ ti ń bá ara yín jà láti àárọ̀ kùtù. Ìyẹn, mo bẹ̀bẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n n ó tún ṣe é tí ẹ bá tún fún mi láàyè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òun ni mo torí ẹ̀ gbà láti sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ní Ilé Páànù, nínú ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, a jẹ góòlù kan sí òdo. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a borí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti sọ ìtàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lónìí: bí ẹ ṣe jó jáde, bí ẹ ṣe gbé àsíá sókè, bí àwọn ará òdìkejì ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Àsíá yẹn ló wà lára ògiri lẹ́yìn Alága yẹn, aláwọ̀ ewé àti funfun. Télọ̀ ló rán an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi rán an, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ẹsẹ̀ òsì máa ń dùn ún díẹ̀, kì í sì í pariwo bí a bá jẹ góòlù. Ó máa ń bọ́ fìlà ni, á tún dé e padà.

Ẹ ò jó jáde o. Ẹ sá jáde. Wọ́n já wáyà, òkúta ń fò, ẹ sì ń já wọ inú bọ́ọ̀sì bí ẹran tí ẹkùn ń lé. Akọrin ló yẹ kó gbé àsíá. Akọrin jù ú sílẹ̀. Má wo ilẹ̀, Akọrin, mo rí ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí, bí mo ṣe máa ń ṣe. Méjìlélógójì la gbé wá. Mọ́kànlélógójì ló wà nínú ọkọ̀. Mo kígbe, mo ní, "Ó ku ẹnì kan!" Alága, nígbà náà o ò tíì jẹ alága, ẹ̀yìn mi gan-an lo jókòó sí. O fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹ̀yìn ìjókòó mi. O ní, "Dẹ́rẹ́bà, wà á lọ! Ṣé nítorí ẹnì kan ni gbogbo wa á ṣe kú síbí?"

Ó tó ọdún méjìlélógún tí ẹ ti ń sọ pé kò sẹ́ni tó rí Télọ̀. Irọ́ ni. Èmi rí i. Mo wo dígí ẹ̀gbẹ́, mo rí i tó ń bọ̀, ó ń fa ẹsẹ̀, ó ká àsíá yín mọ́ abẹ́ apá, ó na ọwọ́ kejì sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Kò jìnnà. Kó tún gbé ẹsẹ̀ bí ogún ìgbà, kó dé. Mo rí i, ó sì rí i pé mo rí òun, nítorí ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rò pé òun ti yè. Mo ti jíà sí i. Mo wà á lọ.

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Nígbà tí a dé ilé, ìyàwó ẹ̀ ń dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú agboòrùn, nítorí òjò ti ń ṣú. Gbogbo yín sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ ń wo bàtà yín. Èmi ló kù. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi dà?" Mo ní, "Ó fẹ́ yà kí ẹnì kan, ó ní òun á wọ ọkọ̀ mìíràn." Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bọ̀dá Dẹ́rẹ́bà." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ó ká agboòrùn ẹ̀, ó ń lọ nínú òjò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Télọ̀ dé, tòun ti àsíá. Aṣọ àwọn òdìkejì ló wọ̀ sọ́rùn, ó sì fi àkísà di ọwọ́ ọ̀tún. Kí lẹ ṣe? Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Akọrin sọ ọ́ dorin kó tó di ìrọ̀lẹ́: *Télọ̀ gbàyàwó n'Ílé Páànù, abẹ́rẹ́ ń pè é, kò dáhùn.* Ẹ fi orin yẹn lọ, ẹ fi bọ̀. Èmi náà ń fi họ́ọ̀nù gbè é, pàá-pàá, pàá-pàá. Àwọn tí wọn ò tíì dáyé lọ́jọ́ náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Télọ̀ ò wọ bọ́ọ̀sì yín mọ́. Ẹ ní ojo ni. Ẹ ò bi í pé kí ló dé tí ìyàwó ẹ̀ fi di ẹni tó ń bá a gé aṣọ, kí òun tó fi ẹ̀rọ rán an. Òkúta fọ́ ọ ní àtàǹpàkò. Kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́, télọ̀ o! Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Nígbà tí wọ́n kéde léṣìí pé wọ́n fẹ́ wó Ilé Páànù, ẹ ní kí n gbé yín lọ wò ó fún ìgbà ìkẹyìn. Mo gbé yín lọ. Ẹ̀yin àlejò, ẹ bá mi rí nǹkan! Àgbàlagbà ń gé koríko sínú ọ̀rá. Akọ̀wé mú sípánà wá láti ilé. Akọrin fi ẹnu ko ògiri. Ògiri yẹn, Akọrin! Ṣé o rántí iṣẹ́ tí gbogbo yín máa ń fi ògiri yẹn ṣe nígbà tí ìlà ilé ìtọ̀ bá gùn?

Èmi wá omi lọ sí géètì kékeré, láti bu sí rédíétọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí Télọ̀. Ó ń gbé àpótí ìjókòó kan jáde láti inú yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ìyá arúgbó kan dúró tì í, ó di kọ́kọ́rọ́ bíi mẹ́wàá mọ́wọ́. Ìyá Géètì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ṣí géètì yẹn fún ogójì ọdún. Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀. Ó bi Télọ̀ pé, "Ṣé dẹ́rẹ́bà yẹn nìyí?"

Télọ̀ ní, "Òun ni, Ìyá."

Ìyá ní, "Ó dáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti bú mi rí. Ẹ̀yin náà ti bú mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá yìí ló fa Télọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, tó tì í mọ́ àárín àwọ̀n góòlù àti garawa ọ̀dà. Àwọn tó ń lé e dé, wọ́n ní, "Ìyá, ṣé ẹnì kan sá wọ ibí?" Ó ní, "Èmi àti àwọ̀n ni. Èwo lẹ fẹ́ lù nínú wa?" Ó fa gèlè orí ẹ̀ ya, ó fi di ọwọ́ Télọ̀. Ó fún un ní aṣọ ẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ ti ọkọ ẹ̀ wọ̀, ó ká àsíá mọ́ ọn nínú. Ẹni tí a kì í kí, tí a máa ń pòṣé sí tí a bá ń wọlé, òun ló bá wa tọ́jú èèyàn wa. Láti ọdún náà, ọdọọdún ni Télọ̀ ń kọjá afárá lọ kí i, tó ń bá a rán aṣọ. Ẹni tí ẹ ní ẹ̀rù ń bà! Òun nìkan nínú gbogbo wa ló ní nǹkan kan í rántí níbẹ̀, òun nìkan ló sì dákẹ́.

Mo bi í pé, "Télọ̀, kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Ó ní, "Ta ni n bá sọ fún? Gbogbo yín lẹ wà nínú bọ́ọ̀sì."

Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo ti ń sá fún. Ó ní, "Ṣé o rí mi nínú dígí?" Mo ní, "Mo rí ọ." Ó gbé kẹ́tùlù ìyá náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Gbé eléyìí." Mo gbé e. A kó ẹrù ìyá náà tán, ẹ̀yin ń ya fọ́tò nínú lọ́hùn-ún.

Odidi ọdún kan ni mo tún fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, nítorí mo ṣì ń wa ọkọ̀ yín, mi ò fẹ́ kí ẹ bínú sí mi. Ẹ rí i pé èmi náà ò sàn jù yín lọ. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ á lé e bá.

Ẹ bojú wẹ̀yìn. Ìyá tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn yẹn, tí ẹ rò pé ó wá gbálẹ̀, tí ẹnì kan nínú yín tiẹ̀ na ife òfìfo sí lẹ́ẹ̀kan pé kó bá òun gbé e kúrò, Ìyá Géètì nìyẹn. Èmi ni mo pè é. Télọ̀ ló jókòó tì í, ìyàwó ẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ kí wọn. Rárá, ẹ má pàtẹ́wọ́, kì í ṣe góòlù. Mo ní kí ẹ kí wọn.

Télọ̀, ọ̀rẹ́ mi, mo fi ọ́ sílẹ̀, mo sì fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Níwájú gbogbo wọn, mo bẹ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní, "Mo ti gbọ́." Kò sọ pé òun ti dárí jì mí o. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bá mi rọ̀ ọ́.

Ìyàwó Télọ̀, ẹ̀yin ni mo parọ́ fún. Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, ẹ má dìde. Ẹ ní kí ni? Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ní láti inú òjò ọjọ́ náà lòun ti mọ̀. Ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà nítorí kí ni, ìyàwó Télọ̀? Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ dúró dá mi lóhùn."

Hùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bùn mi lómi.

Alága, mi ò ní kí o sọ nǹkan kan. Ilé Télọ̀ ò jìnnà, o mọ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàdúrà, kí n máa lọ. Ẹni tó máa gba sítíárì lọ́la, Ọlọ́run á fún un ní ojú tó ríran, á fún un ní ẹsẹ̀ tó tètè ń rántí bíréèkì. Ẹ̀yin tí inú ń bí sí mi, inú yín á rọ̀ kí ẹ tó délé, kó má baà jẹ́ pé ìyàwó yín ló máa gbà á. Ọmọ yín á borí níbi tí ẹ ti fìdí rẹmi. A ò ní pàdánù ẹni tó fẹ́ràn wa nítorí ariwo àwọn tó pọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn nínú wa, ọkọ̀ ò ní fi í sílẹ̀.

Ìyá Géètì ti ń wo ojú ọjọ́, ó fẹ́ kọjá afárá kí ilẹ̀ tó ṣú. Télọ̀ ló ń sìn ín lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí n bá wọn rìn dé ibùdókọ̀. Kò tíì sọ pé rárá. Ẹ ṣé o.